Káàdì Ìbíwùnmí

Ìyá Sọ̀fíyátù, tó tọ́jú káàdì fún ọdún mọ́kànlélógún ní ilé ìwòsàn kan ní Ifọ̀, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí i débi pé ṣe ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá itan bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ọmọ iléèwé lè kà á. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé.

Ní ọjọ́ Ajé kan lọ́dún 2007, Kòfowórọlá jókòó sórí àpótí nínú yàrá káàdì Ìyá Sọ̀fíyátù, ó ń ṣí káàdì àwọn aláìsàn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti ṣe ìdánwò àṣekágbá ní iléèwé girama, èsì ló ń retí. Dókítà Ògúnkànmí, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló gbà á síṣẹ́ ìwádìí. Dókítà yìí fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ní wárápá ní Ifọ̀ àti agbègbè rẹ̀, ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀ lára wọn, àti oògùn tó bá wọn lára mu. Iṣẹ́ Kòfó ni kó yọ káàdì gbogbo aláìsàn wárápá láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sínú fọ́ọ̀mù. Kò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà nìkan ni yóò kọ. Ohun tó bá sì rí nínú yàrá náà, inú yàrá náà ni yóò fi sí.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, dókítà ti pe òun àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta mìíràn jọ, ó sì gbé ọpọlọ oníke kan sórí tábìlì. Ó là á sí méjì bí ẹni la àwùsá, ó nawọ́ sí kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni wárápá ti ń wá, pé kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá, kì í sì í ṣe ìwà ìdọ̀tí. Ó ní iná díẹ̀ wà nínú ọpọlọ gbogbo ènìyàn. Bí iná náà bá ṣẹ́ yọ lójijì bí iná NẸ́PÀ tó bá agbára dé, gbogbo ara á gbọ̀n. Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá ìfófó ẹnu aláìsàn kò ní ràn án. Dókítà wò ó.

"Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń fi ọwọ́ mi nu ìfófó yẹn. Bó bá ń ranni, èmi ni mi ò bá máa gbọ̀n níwájú yín báyìí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kòfó náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, nítorí ẹnì kan ń bẹ nílé wọn.

Ẹni náà ni káàdì rẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé yìí. Ìbíwùnmí Ìyàndá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ọdún 1998. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Kòfó ṣí i. Ní ojú ewé kejì, dókítà ìgbà náà ti fi bírò pupa kọ orúkọ oògùn kan tó gùn gbọọrọ, ó fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà pé oògùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà, kí ẹnikẹ́ni má fún un mọ́ láéláé.

Kòfó rántí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni òun nígbà náà. Ó rántí bí ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wú, tí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Wọ́n pààrọ̀ oògùn fún un lẹ́yìn ìyẹn, ó lò ó fún ọdún mẹ́ta, wárápá náà sì rọlẹ̀. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ àìsàn yẹn nínú ilé wọn mọ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí Kòfó ṣe ni pé ó dé ilé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì la ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yìn ojú irin ni wọ́n ń gbé, nínú yàrá méjì tí wọ́n háyà. Ìkirè ni wọ́n ti wá. Bàbá wọn ń ṣe bíríkìlà níbi ilé OPIC tí wọ́n ń kọ́ ní Ìṣerí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ló ń wálé. Ìyá wọn ń dín dòdò Ìkirè fún àwọn tó ń tà á lójú títì. Ìbíwùnmí ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, télọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dá ṣáṣá lórí aṣọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí àwọn ará ilé Ṣàmsúdéènì, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wá mọ àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ Ọ̀fàdà ni Ṣàmsúdéènì, ìdílé rẹ̀ ló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì níbẹ̀.

Nígbà tí Kòfó sọ pé òun rí káàdì náà, ìyá rẹ̀ gbé ìgbákọ kalẹ̀.

"Ṣé o mọ Ìyá Sọ̀fíyátù tó jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù káàdì yẹn? Àbúrò bàbá Ṣàmsú ni. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìwádìí ìyàwó, ilé ta ni o rò pé wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀?"

"Màámi, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí káàdì náà ti wà lọ́dọ̀ wọn."

"Wọn ò yẹ ibẹ̀ wò ni. Ìwọ lo wá ń tú u síta. Mú káàdì yẹn wá fún mi."

Kòfó ní òun kò lè mú un. Ó ní olè jíjà ni. Ìyá rẹ̀ ní báwo ni ènìyàn ṣe ń jalè lórí àìsàn ọmọ ara rẹ̀. Ó ní wárápá, wèrè àti ẹ̀tẹ̀ ni ìdílé ọkọ máa ń kọ́kọ́ béèrè, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ ọ̀kan níbẹ̀, kì í ṣe Ìbíwùnmí nìkan ni yóò dàgbà sílé, Kòfó náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, nítorí Ìbíwùnmí wà ní yàrá kejì níbi tó ti ń rán aṣọ. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ náà kò dáwọ́ dúró. Kò sí ẹni tó pè é kó wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa orí ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá náà kò fi dá Kòfó lóhùn. Bó bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, a dojú kọ ògiri. Bó bá bu oúnjẹ, a bu ti Ìbíwùnmí, a sì dé ìkòkò. Inú bí Kòfó. Inú bí i sí ìyá rẹ̀, inú bí i sí dókítà tó gbé iṣẹ́ yìí wá, inú tiẹ̀ bí i sí Ìbíwùnmí tó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láyé. Ní ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ ṣíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá jókòó sílé, ìwọ lo jókòó lé e lórí. Mo ti sọ tèmi."

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Sọ̀fíyátù múra mọ́ṣáláṣí. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ní ọrùn, ó fi lé Kòfó lọ́wọ́. Ó ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé títí òun yóò fi dé, bó jẹ́ ọ̀gá dókítà pàápàá. Kò tíì fi kọ́kọ́rọ́ yẹn lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́ rí. Bó ṣe jáde, Kòfó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó yọ káàdì Ìbíwùnmí, ó ká a, ó fi í há abẹ́ ìgbànú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì fa bùláòsì bò ó. Nígbà tí Ìyá Sọ̀fíyátù dé, tó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," Kòfó kò lè gbójú sókè.

Nílé, ìyá rẹ̀ gba káàdì náà, kò ṣí i. Kò mọ̀wé kà. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ iná lábẹ́ àgbáda dòdò. Kòfó ní kí ó dúró, ó ní ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi pupa kọ.

"Iná ò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó sì bu oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ẹran méjì sí i. Kòfó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Sátidé, wárápá padà dé. Ìbíwùnmí ń rán aṣọ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn àna bá dé. Ó ṣubú kúrò lórí àga, ara rẹ̀ le gan-an, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Èkíní kò tíì tán tí èkejì fi dé. Wọ́n gbé e sáàárín lórí ọ̀kadà, ìyá ń dì í mú lẹ́yìn, Kòfó ń sáré bọ̀ lórí òmíràn.

Dókítà Láwàlì ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin àgùnbánirọ̀ tí kò tíì lo oṣù méjì ní Ifọ̀. Ó béèrè bóyá ó ti ṣe aláìsàn náà rí. Ìyá ní rárá, ibà ló ń ṣe é láti ìjẹta. Dókítà ní ṣé oògùn kankan wà tí ara rẹ̀ kọ̀? Ìyá ní kò sí. Yàrá káàdì wà ní títì nítorí Ìyá Sọ̀fíyátù kì í wá ní Sátidé, ṣùgbọ́n dókítà náà ní kí nọ́ọ̀sì wá kọ́kọ́rọ́ kejì, ó sì wọlé lọ wo kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ó padà pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Ó wá yíjú sí Kòfó.

"Ìwọ lò ń bá Dókítà Ògúnkànmí ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyí. Ṣé ó ti ṣe é rí?"

Ìyá rẹ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó sì fún un pọ̀. Kòfó rí ìlà pupa mẹ́ta yẹn lójú ọkàn rẹ̀ gbangba. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé oògùn pọ̀ láyé, pé ọ̀kan yẹn kọ́ ni wọn yóò mú. Bó bá sọ òótọ́, ohun tí wọn yóò bi í tẹ̀ lé e ni pé níbo ni káàdì wà.

"Rárá, sà," ni ó wí.

Oògùn tí dókítà mú ni èyí tí wọ́n máa ń mú jù. Òun gan-an ni wọ́n fi bírò pupa kọ sínú káàdì.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé fi máa mọ́, ètè Ìbíwùnmí ti wú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ sì ti lé ròrò láti àyà dé ikùn. Ìyá Sọ̀fíyátù ń gba wọ́ọ̀dù kọjá lọ sí yàrá rẹ̀, ó sì dúró gbọnin. Ó bi Dókítà Láwàlì ní oògùn tó fún ọmọ náà. Dókítà dárúkọ rẹ̀. Obìnrin náà gbá àyà, ó ní ó wà nínú káàdì rẹ̀, òun dúró ti dókítà tó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó sáré wọ yàrá káàdì, ó ń fa káàdì jáde, ó ń dà wọ́n sílẹ̀. Kòfó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ má wá a mọ́, mà. Kò sí níbẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá Sọ̀fíyátù kò pariwo. Ó jókòó sáàárín àwọn káàdì tó dà sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹ̀rù ba ọmọ náà ju bó bá gbá a létí lọ.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá sọ fún mi pé ọmọ báyìí ni Ṣàmsú fẹ́ fẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Mo ní ọmọ dáadáa ni, ẹ fẹ́ ẹ. Mo panu mọ́. Bàbá Sọ̀fíyátù ò gbọ́. Sọ̀fíyátù tí mo bí nínú mi ò gbọ́. Ìwọ tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́, o gbé e dé ìdí àgbáda dòdò."

Kòfó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Nu ojú rẹ. Ìbẹ̀rù ló ń da ìyá rẹ láàmú, kò sì mọ̀wé. Ìwọ tí o kà á ńkọ́?"

Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé Ìbíwùnmí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Abẹ́òkúta lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá wọn ṣì ń sọ pé ayé ni, pé ẹnìkan ló rí aṣọ tí ọmọ òun ń rán tí ojú fi pọ́n ọn. Kò rí ẹni bá a sọ ọ́.

Dókítà Ògúnkànmí dé lọ́jọ́rú. Kò jókòó. Ó ní kí Kòfó kó àwọn fọ́ọ̀mù tó ti kọ wá, ó kà wọ́n, wọ́n jẹ́ igba ó lé mọ́kàndínlógún. Ó fà wọ́n ya sí méjì méjì lójú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn mọ́, ẹni tó yọ káàdì kan lè yọ mẹ́wàá. Ó ní àwọn fọ́ọ̀mù yìí ni òun fẹ́ fi bẹ ìjọba kí oògùn wárápá lè máa dé Ifọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí bí òun yóò ṣe dé iwájú ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí. "Àwọn tó wà nínú ìwé wọ̀nyí ò mọ̀ ọ́," ni ó wí, "ṣùgbọ́n o ti ṣe wọ́n ní nǹkan." Ó ní kó máa lọ sílé.

Kòfó délé, ó sì kojú ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ní ìyá ló rán òun. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá fi ebi pa òun. Ìyá rẹ̀ yí dòdò po nínú epo, kò wò ó.

"Ṣé okùn ni mo fi fà ọ́ dé ibẹ̀ ni? Nígbà tí dókítà bi ọ́ léèrè, ṣé ẹnu mi lo fi dáhùn?"

Kòfó dúró síbẹ̀. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ọ̀sẹ̀ méje ni Ìbíwùnmí lò ní Abẹ́òkúta. Ó yè é. Awọ tuntun hù sí i lára, àmọ́ ojú rẹ̀ ọ̀tún fọ́. Ọjọ́ tí àwọn àna ìbá wá kọjá, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà sí Ifọ̀, ó wọlé, kò jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sí Ọ̀fàdà lọ́dọ̀ Ṣàmsúdéènì. Bàbá wọn ti wá láti Ìṣerí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba. Ìyá wọn tẹ̀ lé ọmọ náà láti kọ̀rọ̀ kan dé òmíràn, ó ń kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó sọ fún àwọn ará Ọ̀fàdà: kó ní ibà ni, kó ní dókítà kékeré kan ló ṣi abẹ́rẹ́ gún, kó ṣáà má dárúkọ ohun yẹn.

Ìbíwùnmí dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

"Màámi, Ṣàmsú mọ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dẹnu kọ mí tí mo fi sọ fún un. Ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí òun máa ṣe bó bá mú mi lójú òun. Mo kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ bí mi, ẹ̀yin ni ẹ ò bi mí léèrè nǹkan kan."

Kòfó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

"Ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú ilé yìí," ni Ìbíwùnmí wí. "Ìwọ nìkan lo ka ohun tí wọ́n kọ sínú káàdì mi. Inú ń bí mi, Kòfó. Mi ò ní ṣépè fún ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ pé ó ti tán. Lọ́jọ́ tó bá tán, n ó ránṣẹ́ sí ọ. Kó tó dìgbà náà, má wá mi wá."

Ọ̀rọ̀ tí Kòfó rí kọ́ níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, òun ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó bá ka ìtàn yìí mú lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì ló ni káàdì. Kì í ṣe ti ìyá, kì í ṣe ti àbúrò, kì í ṣe ti àna. Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀, ẹ̀mí ènìyàn ló ń tọ́jú, ẹni tó bá sì bà á jẹ́, ẹ̀mí ènìyàn ló ń bà jẹ́. Àìsàn kì í ṣe ìtìjú. Irọ́ tí a pa lé e lórí ló ń sọ ọ́ di ìtìjú. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kòfó fi tẹrú jẹ́ tirẹ̀, nítorí kí ìyá rẹ̀ má baà bínú sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fi ojú san án.

Ṣàmsúdéènì ti so orí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀, ó ń dúró ní òdì kejì ojú irin. Ìbíwùnmí kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fọwọ́ kàn án lórí. Ìbíwùnmí gbé báàgì rẹ̀. Ìyá rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀mejì láti ẹnu ọ̀nà, Kòfó pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ láàárín òkúta ojú irin, nítorí ojú kan kì í mọ ibi tí ilẹ̀ jìn sí dáadáa, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú. Ó gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó fi báàgì sí itan, ó tún gèlè rẹ̀ so. Wọ́n sì yà sí ọ̀nà Ọ̀fàdà, kò bojú wẹ̀yìn.